Bí A Ṣe Lè La Àdúgbò Lọ́yẹ̀ Nípa Òwò Fífi Ọmọ Ènìyàn Ṣe Ẹrú

Kò sí òbí kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí yóò sọ fún yín pé òun ta ọmọ òun. Ohun tí ẹ óò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé ọmọ náà ti wà lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Èkó, pé ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ni ó bá a wá ibi tí yóò ti máa ṣiṣẹ́, tàbí pé Ọlọ́run ti ṣe ọ̀nà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti rékọjá sí òkè òkun. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá fẹ́ la àdúgbò rẹ̀ lọ́yẹ̀ nípa òwò yìí kò fi gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ. Bí ẹ bá dúró láàárín ọjà tí ẹ ń pariwo pé kí àwọn ènìyàn ṣọ́ra fún gbọ́mọgbọ́mọ, àlejò tí ó ń kọjá lọ ni gbogbo wọn yóò máa wò, nígbà tí ẹni tí ó ń kó ọmọ lọ gan-an jókòó láàárín wọn, tí ó ń mi orí sí ọ̀rọ̀ yín. Gbọ́mọgbọ́mọ a máa jí ọmọ gbé. Ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí a máa tọrọ ọmọ ni, a máa mú búrẹ́dì àti ọṣẹ wá, òbí a sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Kòkòrò tí ó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ohun tí òfin sọ

Kí ẹ tó lọ bá ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ yé ẹ̀yin fúnra yín, nítorí ìbéèrè tí wọn yóò bi yín kò ní rọrùn. Àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní ọdún 2000, èyí tí wọ́n fi orúkọ ìlú Palermo ní ilẹ̀ Ítálì pè, wo nǹkan mẹ́ta pọ̀. Ó wo ohun tí wọ́n ṣe sí ẹni náà, bóyá wọ́n wá a kàn, wọ́n gbé e láti ibì kan dé ibòmíràn, tàbí wọ́n gbà á sílé. Ó wo ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é, yálà ipá, ẹ̀tàn, ìhàlẹ̀, tàbí owó tí wọ́n fún ẹni tí ó ní àṣẹ lórí rẹ̀. Ó sì wo ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe, ìyẹn ni pé kí wọ́n máa rẹ́ ẹ jẹ nídìí iṣẹ́ tipátipá tàbí iṣẹ́ aṣẹ́wó, tàbí kí wọ́n yọ ẹ̀yà ara rẹ̀ tà. Ní ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, èkejì nínú mẹ́ta yìí kò pọn dandan rárá: bí kò tilẹ̀ sí ẹ̀tàn, bí ọmọ náà tilẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ lọ, bí ó bá ti jẹ́ pé nítorí àtirẹ́ ẹ jẹ ni wọ́n ṣe mú un lọ, òwò ẹrú ni.

Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2003, òfin náà ni ó dá NAPTIP sílẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń gbógun ti òwò yìí, wọ́n sì ṣe òfin tuntun rọ́pò rẹ̀ ní 2015. Lábẹ́ òfin ti 2015 yìí, ẹni tí ó bá fi ènìyàn ṣòwò yóò lo ọdún méjì lẹ́wọ̀n ó kéré tán, yóò sì san owó ìtanràn tí kò dín ní ₦250,000. Èyí tí ó máa ń pa ìpàdé lẹ́nu mọ́ jù lọ ni pé òfin yìí kan náà ka gbígba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè gbé ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, títí dé ọdún méje. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń gbọ́ ni ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé.

Àwọn àgbà yóò dìde, wọn yóò sọ pé àṣà wa ni kí ọmọ gbé lọ́dọ̀ ẹbí. Ẹ má ṣe bá wọn jiyàn, nítorí òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ nínú wa ni alágbàtọ́ rere sì sọ di ènìyàn. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ rán wọn létí ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú láyé àtijọ́: ó mọ iye tí ẹbí rẹ̀ jẹ, ó mọ ẹni tí ó yá wọn lówó, ọjọ́ tí wọ́n bá sì san owó náà tán ni ó di òmìnira. Kí ẹ wá bi wọ́n ní pẹ̀lẹ́tù pé ọmọ tí a gbé lọ sí ibi tí òbí rẹ̀ kò dé rí, lọ́dọ̀ ẹni tí òbí rẹ̀ kò mọ̀, tí ẹlòmíràn ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ọjọ́ tí yóò padà, ǹjẹ́ ó sàn ju ìwọ̀fà lọ? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n dáhùn fúnra wọn. Ìdáhùn tí ó bá ti ẹnu àgbà ìlú jáde máa ń wọ àwọn ènìyàn létí ju ìwàásù àlejò lọ.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́, kí ẹ tó sọ

Ọ̀nà tí òwò yìí ń gbà kò rí bákan náà ní ìlú méjì. Ní àwọn ìlú ẹnubodè bí Ìdí-Ìrókò, Ìmẹ̀kọ àti Sẹ̀mẹ̀, àwọn ọmọ ń wọlé, wọ́n sì ń jáde. Ní ọdún 2003, àwọn ọmọ ilẹ̀ Benin tí ó lé ní 100 ni wọ́n kó kúrò ní ibi ìfọ́ òkúta ní àyíká Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tí wọ́n sì ń rù ú. Ọ̀pọ̀ wọn wá láti agbègbè Zakpota ní ilẹ̀ Benin náà. Ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tí ó mú kí Nàìjíríà àti Benin fọwọ́ sí àdéhùn lórí òwò ọmọdé ní ọdún 2005. Ní Èkó, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá tú obìnrin 19 sílẹ̀ ní àwọn ilé kan tí wọ́n ti ń fún wọn lóyún kí wọ́n lè ta ọmọ wọn. Iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n fi tan ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti ìlú wọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, wọ́n gbé àwòrán obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan sórí Facebook ní Lẹ́bánónì pé ó wà fún títà ní dọ́là 1,000. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, iléeṣẹ́ ìròyìn CNN ti fi hàn bí wọ́n ṣe ń ta àwọn ọkùnrin ilẹ̀ wa ní gbàǹjo ní Líbíà.

Ẹ kò lè kó gbogbo èyí da sí ìlú kan lórí. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ó ń lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ láti ìlú yín, ìtàn Líbíà kò ní kan ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Wọn yóò káàánú, wọn yóò mi orí, wọn yóò sì lọ sílé lọ di ẹrù ọmọ. Nítorí náà, ẹ lo ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta láti gbọ́ ohun tí ó ń lọ kí ẹ tó pe ìpàdé kankan. Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí ẹ jọ wo ìwé orúkọ àwọn ọmọ láti ọdún tí ó kọjá: àwọn wo ni kò padà wá lẹ́yìn ìsinmi, àti ibo ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn sọ pé wọ́n wà? Ẹ lọ sí gáréèjì ní ìdájí. Alága ẹgbẹ́ awakọ̀ yóò fún yín ní ọ̀rọ̀ tí ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìyá tí ó ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà níbẹ̀ ni ó mọ obìnrin tí ó máa ń wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún tí ó sì máa ń kó ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí orúkọ bàbá wọn kò bára mu lọ.

Àwọn tí ẹ óò tọ̀ lọ

Ọba tàbí baálẹ̀ ni ẹ óò kọ́kọ́ rí, kì í ṣe nítorí pé òun ni ó mọ̀ jù, bí kò ṣe nítorí pé ìpàdé tí a pe lẹ́yìn rẹ̀ kò ní fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyálọ́jà, àwọn olórí ẹgbẹ́ awakọ̀ àti ti ọlọ́kadà, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ìmáàmù àti àwọn pásítọ̀. Ẹ má ṣe fo àwọn babaláwo àti àwọn oníṣègùn, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ń ṣe nítorí ojúsàájú tàbí ìbẹ̀rù, tí mo sì kà sí àṣìṣe ńlá.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni ìbúra. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tí wọ́n kó lọ sí Yúróòpù ni wọ́n kọ́kọ́ mú lọ sí ojúbọ, tí wọ́n gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, tí wọ́n sì mú un búra pé òun yóò san gbogbo gbèsè náà, òun kò sì ní tú àṣírí, kí òun má bàa ya wèrè tàbí kí òun kú. Ọlọ́pàá kò lè tú irú ìdè bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare II ti ìlú Benin ní ìpínlẹ̀ Edo pe àwọn oníṣègùn àti àwọn abọrẹ̀ jọ sí ààfin, ó fi àwọn tí ó ń fi ìbúra ti òwò yìí lẹ́yìn gégùn-ún, ó sì kéde pé gbogbo ìbúra tí wọ́n ti fi de àwọn ọmọ náà kò lágbára mọ́. Ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ ní ìlú yín kò ní tóbi tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí babaláwo àgbà kan bá lè dìde ní ìpàdé, kí ó sọ pé ìbúra tí a fi ẹ̀tàn mú ènìyàn ṣe kò de ẹni tí a tàn jẹ, ẹ ti ṣe ohun tí ìwé ìpolongo 1,000 kò lè ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí èyí. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó ń ṣe òwò náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ tọ̀ lọ. Ẹ má ṣe dárúkọ ẹnikẹ́ni ní gbangba, ẹ má ṣe pàṣamọ̀ tí gbogbo ènìyàn yóò mọ ẹni tí ẹ ń bá wí. Ohun tí ẹ bá mọ̀ nípa ènìyàn kan, àwọn aláṣẹ ni kí ẹ sọ ọ́ fún, ní kọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ óò sọ

Ẹ má ṣe sọ fún ìlú pé kí wọ́n má rìnrìn àjò. Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé ni Yorùbá ti ń re àjò, kò sì sí ilé kan tí kò ní ẹni tí ó ń fi owó ránṣẹ́ láti ibòmíràn. Bí ẹ bá ní kí wọ́n má lọ, wọn yóò gbà pé ẹ kò fẹ́ kí àwọn là, wọn yóò sì lọ ní bòókẹ́lẹ́, èyí tí ó sì léwu jù lọ nìyẹn. Ohun tí ẹ óò kọ́ wọn ni ìbéèrè tí wọn yóò máa bèèrè kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílé, kí ẹ sì kọ́ wọn débi tí yóò fi mọ́ wọn lẹ́nu bí oríkì.

Ilé ta ni, ní òpópónà wo, ta sì ni nínú ẹbí ti fi ojú ara rẹ̀ rí i? Kí òbí gba nọ́ńbà aládùúgbò kan níbẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tí ó wá mú ọmọ nìkan. Ta ni yóò gba owó iṣẹ́ náà, èló ni, ọwọ́ ta ni yóò sì gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣiṣẹ́? Bí ẹni tí ó mú ọmọ wá bá ní òun ni òun yóò máa gbà á pamọ́ fún un, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ níbẹ̀. Ilé ìwé wo ni ọmọ yóò lọ, kí sì ni orúkọ ọ̀gá ibẹ̀? Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ ni ọmọ yóò bá òbí sọ̀rọ̀, láìsí ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ní ti ẹni tí ó ń lọ sí òkè òkun, ọwọ́ ta ni ìwé ìrìnnà rẹ̀ yóò wà, ta ni ó san owó ọkọ̀ òfúrufú, èló sì ni yóò dá padà? Ẹni tí ó bá sọ pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ fún ẹnikẹ́ni títí yóò fi débẹ̀ nítorí ọ̀tá ilé, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìkìlọ̀ “má sọ fún ẹnikẹ́ni” yìí ni àmì tí ó dájú jù lọ. A mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ọ̀tá ilé ṣe máa ń wọ̀ wá lára. Àwọn náà mọ̀ ọ́n.

Kí gbogbo ọmọ mọ nọ́ńbà ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ òbí rẹ̀ lórí, nítorí fóònù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ẹni. Àwọn ọmọ kéékèèké lè fi í kọrin. Kí ẹbí kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí ọmọ lè sọ bí wọ́n bá ń ṣọ́ ọ lórí fóònù. Bí àpẹẹrẹ, ilé tí kò sin ẹran rí lè fi àdéhùn sí i pé bí ọmọ bá bèèrè pé ṣé ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, ó túmọ̀ sí pé ìyà ń jẹ òun. Ìyá kò gbọdọ̀ figbe ta. Kí ó dáhùn pẹ̀lú ohùn tútù pé ó ti bí méjì, kí ọmọ lè mọ̀ pé a ti gbọ́ òun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dán an wò níbi ìpàdé, kí ìyá kan àti ọmọ kan dìde ṣe é lójú gbogbo ènìyàn. Wọn yóò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èyí ni wọn yóò rántí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbàgbé gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa òfin.

Bí ẹ bá ní ẹni tí ó ti padà dé láti irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe fi í ṣe ìran wò. Bí òun fúnra rẹ̀ bá yàn láti sọ̀rọ̀, kí àwọn ènìyàn kéréje ni ó wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò, kí ẹ sì dá a dúró bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè nípa ohun tí wọ́n fi ara rẹ̀ ṣe. Bí ó bá kọ̀, ẹ má ṣe bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Àsìkò

Ọgbọ̀nọjọ́ oṣù Keje ni ọjọ́ tí àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí, ó sì dára kí ẹ lò ó fún ètò orí rédíò. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń fi kàlẹ́ńdà àgbáyé kó ọmọ. Ìgbà tí ọmọ ń lọ ni ẹ̀yìn Kérésìmesì, ẹ̀yìn Iléyá àti ìgbà ìsinmi gígùn, nígbà tí àwọn tí ó wá ṣọdún ń padà sí ìlú ńlá, tí àyè sì ṣẹ́kù nínú ọkọ̀ wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àwọn àsìkò wọ̀nyí ni kí ẹ sọ̀rọ̀ ní ọjà, ní mọ́ṣáláṣí ọjọ́ Jímọ̀ àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì bá àwọn awakọ̀ ṣe àdéhùn pé wọn kò ní gbé ọmọ tí kò bá òbí rẹ̀ rìn láìjẹ́ pé wọ́n pe òbí náà lórí fóònù.

Bí ẹnì kan bá rí nǹkan

Ìlanilọ́yẹ̀ tí kò sọ ibi tí ènìyàn yóò gbé ọ̀rọ̀ lọ kò wúlò. Nọ́ńbà kúkúrú ti NAPTIP ni 627. Àjọ náà ní ọ́fíìsì ní Èkó àti ní Òṣogbo. Ọ́fíìsì tí ó ń rí sí ìgbáyégbádùn ọmọdé ní ìjọba ìbílẹ̀ náà wà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá. Kí ẹni tí ó rí nǹkan kọ ọjọ́, àkókò, nọ́ńbà ọkọ̀, àwọ̀ rẹ̀ àti ibi tí ó dorí kọ sílẹ̀. Kí ó má ṣe lọ kan ìlẹ̀kùn ilé náà, kí ó má ṣe kó èrò lọ lù wọ́n, nítorí kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọn yóò ti kó àwọn ọmọ náà lọ sí ibòmíràn. Àti pé, ẹ jọ̀wọ́, kí ó má ṣe gbé fọ́tò ọmọ náà sórí WhatsApp: ẹni tí ó gbé e pamọ́ náà wà lórí WhatsApp, ojú ọmọ náà yóò sì wà níbẹ̀ títí tí yóò fi di àgbà.

Àwa tí à ń gba ọmọ

Ibi tí mo rò pé iṣẹ́ yìí ti ń kùnà jù lọ nìyí. A máa ń lọ kìlọ̀ fún tálákà ní ìgbèríko pé kí ó má fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà a óò padà sí ilé wa ní Ìkẹjà tàbí ní Bódìjà, níbi tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ti ń dúró láti ṣí géètì fún wa. Òwò kò lè wà láìsí oníbàárà. Nítorí náà, ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìpàdé àwọn onílé ní àwọn àdúgbò olówó, sí ìpàdé àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, àti sí ìpàdé àwọn ẹlẹgbẹ́jẹgbẹ́. Ẹ sọ ohun tí aládùúgbò lè rí: ọmọ tí ó ń kiri ọjà nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì, tí ó ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí kì í bá àwọn ọmọ ilé jẹun, tí ó ní àpá tuntun lórí àpá àtijọ́, tí ó sì máa ń wo ojú ẹlòmíràn kí ó tó dáhùn pé kí ni orúkọ òun.

Ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè tí ẹ bi òbí ní ìgbèríko: ta ni ó ń gba owó iṣẹ́ ọmọ yìí? Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dáhùn láìrò ó pé obìnrin tí ó mú un wá ni. Ẹ dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìdáhùn yìí kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Ẹ mú ìwé kan dání láti ìgbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ iye ọmọ tí ó wà nínú kíláàsì kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà ṣáájú ìsinmi sínú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí ilé ìwé bá wọlé, kí ẹ padà lọ bá ọ̀gá ilé ìwé náà, kí ẹ jọ kà wọ́n, kí ẹ sì lọ sí ilé ọmọ kọ̀ọ̀kan tí àyè rẹ̀ ṣófo lọ bèèrè ibi tí ó wà.